Èjí Ìyá Mi àti Ike Ẹnu Mi

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní kíláàsì fónẹ́tíìkì, mo sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí ojú pátákó: sá àti ṣá, ìsẹ́ àti ìṣẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀nà kan náà ni mo sì máa ń gbà. N óò pe ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò pè é tẹ̀ lé mi. N óò pe èkejì, wọn yóò tún pè é. Lẹ́yìn náà ni n óò wá bi wọ́n léèrè ibi tí ahọ́n wọn wà nígbà tí wọ́n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ náà, mo pe sá, kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo tún un pè. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, èwo nínú méjèèjì ni ẹ pè yẹn?" Ẹ̀rín sọ nínú kíláàsì. N kò lè bínú sí i, nítorí pé èmi pàápàá tí mo pè é kò mọ èyí tí mo pè.

Ọjọ́ kẹta tí mo gbé ike sẹ́nu ni. Ike náà mọ́ gaara bí omi, ó sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá sún mọ́ mi dáadáa kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá yọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò rí àpẹẹrẹ eyín mi lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí a ti í rí àpẹẹrẹ ejò lára awọ tí ó bọ́ sílẹ̀. Méjì ni: ọ̀kan fún eyín òkè, ọ̀kan fún ti ìsàlẹ̀. Aligner ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì parí, irú rẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní retainer ni ènìyàn yóò máa lò kí eyín má bàa padà síbi tí ó ti wá. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ka Yorùbá ni mo ti ń jẹun, n kò lè máa fi orúkọ àlejò pe nǹkan tí ó ń bá mi sùn, tí ó ń bá mi jí. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ìfọyín, mo sọ èkínní ní atoyín nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to eyín. Mo sì sọ èkejì ní aṣọ́yín nítorí pé ọdẹ ni, ó ń ṣọ́ eyín ni. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹ̀ka wa ní atoyín dún létí òun bí ẹni ń pe Tóyìn. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí kíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ èdè mọ̀ pé s jẹ́ kọ́ńsónáǹtì àfúnnupè afèrìgìpè, pé ṣ sì jẹ́ àfúnnupè afàjàfèrìgìpè. Ojú ọ̀nà tóóró ni ahọ́n fi sílẹ̀ fún èémí láti gbà kọjá. Bí ojú ọ̀nà yẹn ti fẹ̀ tó àti ibi tí ó bọ́ sí ni ó ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Bí ènìyàn bá wá fi ike bo eyín òkè, tí etí ike náà sì gun orí èrìgì díẹ̀, ahọ́n yóò dé ibi tí ó ti mọ̀ láti kékeré, yóò bá àlejò níbẹ̀. Èémí tí ó yẹ kí ó kọ lu eyín yóò kọ lu ike. Ohun tí ó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe s, kì í ṣe ṣ. Ohun kan láàrin méjèèjì ni, itọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé isu ni wọ́n ń jẹ, pé wọn kì í jẹ iṣu, wọn ì bá bá mi kẹ́dùn.

Mo sọ òtítọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ike wà lẹ́nu mi, mo sì ṣàlàyé ohun tí ó wà fún. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Mà, ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ kọ́ wa pé eyín òkè wà lára afipè àkànmọ́lẹ̀, pé kì í sún, ahọ́n ni ó ń lọ bá a. Ṣé tiyín ti wá di afipè àsúnsí ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí ike fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti fi kọ́ni ní fónẹ́tíìkì, n kò tíì gbọ́ ìbéèrè tí ó dára ju ìyẹn lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ojú ìwé kan sókè ketekete kí n tó sùn, tí mo sì ń fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, s mi ti padà sílé. Ahọ́n tètè ń kọ́ ilé tuntun, ju bí mo ti rò lọ.

Kí ni àgbà obìnrin tí ó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta ń wá lọ sídìí títo eyín? Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn bi mí nìyẹn, àwọn tí kò sì bi mí lójú bi ara wọn lẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge ni ó kọ́kọ́ gbé mi lọ. Eyín ìsàlẹ̀ mi gun ara wọn lórí bí èrò inú ọkọ̀ akérò. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé àárín wọn, pákò kò lè dé ibẹ̀, ìdọ̀tí sì ti gan mọ́ ìdí wọn. Bí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mo ń tu. Èjí tí ó wà láàrin eyín méjì iwájú mi lókè, tí ó mọ níwọ̀n nígbà tí mo wà lọ́mọge, ti wá ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Mo rò pé ẹwà mi ni ó ń pọ̀ sí i. Dókítà eyín ni ó là mí lójú pé bí àlàfo bá ń fẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà, ó lè jẹ́ pé àrùn ti ń jẹ èrìgì àti egungun tí ó di eyín mú, tí eyín sì ti ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ó fi tọ́jú èrìgì mi kí ó tó gbà láti bá mi sọ̀rọ̀ nípa atoyín rárá, nítorí pé a kì í ti eyín nínú èrìgì tí ó ń ṣàìsàn. Owó rẹ̀ kò kéré. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé-ẹ̀kọ́ wa ni mo ti yá a, mo sì mọ ojú tí akápò fi wò mí nígbà tí mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé eyín ni mo fẹ́ fi ṣe.

Wáyà ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ mọ títo eyín tẹ́lẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú eyín àwọn ọmọdé. Ti ike yìí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945 ni dókítà eyín ará Amẹ́ríkà kan, H. D. Kesling, ti dábàá pé ènìyàn lè máa ti eyín díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ń pààrọ̀ ohun rírọ̀ tí a mọ bo eyín láti ìgbà dé ìgbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọn ì bá máa fi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà kò sì níye. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé ni ọ̀nà là. Ní ọdún 1997, Zia Chishti àti Kelsey Wirth, tí wọ́n jọ kàwé ní Yunifásítì Stanford, dá ilé-iṣẹ́ Align Technology sílẹ̀ ní California. Nígbà tí ó di ọdún 1998, àjọ tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ike wọn tí wọ́n ń pè ní Invisalign. Àwọn méjèèjì kì í ṣe dókítà eyín. Chishti ti lo wáyà nígbà tí ó ti dàgbà, wọ́n sì fún un ní aṣọ́yín lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun kò bá lò ó fún ìgbà díẹ̀, eyín òun á ṣí, bí òun bá sì tún gbé e sẹ́nu, ike náà á tì wọ́n padà. Ó wá rò ó pé bí ike kan bá lè ti eyín padà, kí ni kò ní jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ike tì í lọ síwájú? Aṣọ́yín ni ó bí atoyín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́nu ènìyàn, ọmọ ni ó ń ṣáájú ìyá dé. Lóde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ti ń ṣe é.

Ní tèmi, dókítà gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kan tí kò ju ọ̀pá ìlù lọ, ó tì í bọ̀ mí lẹ́nu, ó ń rìn ín lórí eyín mi láti igun kan dé èkejì, eyín mi sì ń yọ lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan bí òṣùpá tí ń là. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó fi ibi tí eyín wà hàn mí àti ibi tí ó ń lọ. Ike 26 ni òkè yóò lò, 26 ni ìsàlẹ̀ yóò lò, ọjọ́ 14 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrìn tí ike kan lè mú eyín rìn kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin mìlímítà kan lọ. Ó lẹ àwọn kókó kéékèèké tí àwọ̀ wọn jọ ti eyín mọ́ eyín mi bíi mélòó kan kí ike lè rí nǹkan dì mú, ó sì kìlọ̀ fún mi pé wákàtí 22 lójúmọ́ ni ike gbọ́dọ̀ fi wà lẹ́nu.

Mo bi í bí eyín ṣe ń rìn nínú egungun láìjẹ́ pé egungun fọ́. Ìdáhùn rẹ̀ dùn mọ́ mi. Eyín kò dúró nínú egungun bí òpó inú kọnkéré. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàrin gbòǹgbò rẹ̀ àti egungun tí ó so wọ́n pọ̀. Bí ike bá ń ti eyín sí apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ inú ara kan á máa wó egungun ní iwájú rẹ̀, àwọn mìíràn á sì máa mọ òmíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ń wó, wọ́n ń mọ, eyín ń kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í tagbáratagbára, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀, iṣẹ́ á dúró, gbòǹgbò sì lè bàjẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Dókítà náà kò pa òwe yìí, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ.

Èyí tí ó nira ni wákàtí 22 yẹn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ kan, wákàtí méjì péré ni ó kù fún oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, pẹ̀lú fífọ ẹnu lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé a kì í fi ike bo oúnjẹ mọ́ eyín. N kò mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi tẹ́lẹ̀. Nínú ọ́fíìsì wa, ẹ̀pà wà lórí tábìlì ẹnì kan, gúgúrú wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àgbàdo sísun ń wọlé nígbà òjò. Kí n tó lè jẹ ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan, mo ní láti kẹ́yìn sí àwọn ènìyàn, kí n fi èékánná ṣí ike láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí itọ́ fà bí okùn ilá, kí n fi í sínú ilé rẹ̀. Bí mo bá sì jẹ ẹ́ tán, kí n wá omi wá búrọ́ọ̀ṣì. Mo fi ìpápánu sílẹ̀. Tíì gbígbóná kò ṣeé mu lé e, nítorí pé ooru a máa ká ike, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa pọ́n ọn. Omi tútù nìkan ni. Obì ni ó dùn mí jù lọ. Bí wọ́n bá gbé e yí ká níbi ìsọmọlórúkọ, a kì í kọ̀ ọ́. N óò mú awẹ́ kan, n óò ṣe bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́, n óò dì í sínú áńkáṣíìfù. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí mo bá pààrọ̀ ike, gbogbo eyín ní í máa ro mí tí ẹ̀wà sísè pàápàá di òkúta. Ọpẹ́lọpẹ́ àmàlà. Ọmọ Yorùbá kì í jẹ ẹ́ ní àjẹlẹ́nu, gbígbé ni à ń gbé e mì. Òkèlè kì í béèrè eyín lọ́wọ́ ẹni.

Àṣìṣe tí wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi gan-an ni mo ṣe. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù Kejì ọdún 2022, mo gbàgbé ilé ike sínú ọkọ̀, mo sì dì í sínú bébà ìnuwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi. Mo yíjú sí àwọn onílù, mo ná owó díẹ̀, nígbà tí mo yíjú padà, àwọn agbáwo ti palẹ̀ mọ́. Ẹ wo olùkọ́ àgbà pẹ̀lú gèlè àti ìborùn, tí ó tẹ̀ ba sórí ọ̀rá ìkódọ̀tí lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí ó ń tú egungun adìẹ àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wò. Mo rí ti ìsàlẹ̀. N kò rí ti òkè. Ike kejìlá ni, n kò sì tíì lò ó tó ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà dókítà ní kí n padà sí ìkọkànlá títí òmíràn yóò fi dé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dúró lójú kan. Láti ìgbà náà, ilé ike kì í kúrò lọ́rùn àpamọ́wọ́ mi.

Gbogbo èyí jẹ́ ìyọnu ara. Ohun tí ó tìtorí rẹ̀ mú mi kọ àròkọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún Iléyá, nínú oṣù Keje ọdún 2022.

Màmá mi ti wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Àbújá láti oṣù mẹ́sàn-án. Iléyá ni ó gbé e padà sí Òṣogbo, èmi náà sì lọ kí i. Ike ogún ni mo wà nígbà náà. Eyín ìsàlẹ̀ mi ti tò, ẹ̀jẹ̀ kò sí mọ́, inú mi sì dùn láti rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo rẹ́rìn-ín. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó gbé ojú mi sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò mí títí. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló gba èjí mi lẹ́nu rẹ?"

N kò rí èsì fún un. Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni ìyá mi nígbà náà, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí eyín iwájú rẹ̀ lókè ti ká tán. Èjí rẹ̀ tí wọ́n fi ń kì í nígbà ọmọge, tí bàbá mi máa ń sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ kí òun tó rí ojú rẹ̀, kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò sí nínú àwòrán. Ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo tí ó yà nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, ó pa ẹnu dé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń dúró níwájú ayàwòrán láyé ìgbà náà. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin kò ní èjí. Eyín bàbá wa ni wọ́n mú. Ẹnu mi nìkan ni ó kù sí. Èmi ni mo jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ní ọdún tí ó ṣáájú, tí mo wo eyín títò tí kò ní àlàfo kankan, tí mo ní, "Ó dára." Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú mi. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé èjí yàtọ̀ sí àlàfo. Lójú rẹ̀, ibi tí eyín kò ti kan ara wọn jẹ́ ibi tí iṣẹ́ kù sí, èmi tí mo mọ̀ kò sì ronú láti sọ fún un. Nílẹ̀ wa, àwọn kan tilẹ̀ ń sanwó fún dókítà kí ó bá wọn dá èjí sí eyín tí kò ní in. Èmi yá owó alájẹṣẹ́kù láti dí tèmi.

Mo padà lọ bá dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì ní sùúrù. Mo ní kí ó bá mi ṣí èjí mi padà. Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ní kò ṣòro. Pé nínú gbogbo ohun tí a tò, èjí ni ó máa ń fẹ́ padà jù lọ, pé bí n kò bá lo aṣọ́yín, ó ṣeé ṣe kí ó ṣí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá nìkan ṣí. Àwọn eyín yòókù á tẹ̀ lé e, a kò sì mọ ibi tí wọn yóò dúró. Ohun tí ó dára ni kí n parí ike tí ó kù, kí a wá ya àwòrán tuntun, kí a fi ike díẹ̀ kún un. "Ṣùgbọ́n mà," ó ní, "mìlímítà mélòó ni ẹ fẹ́? Ti tẹ́lẹ̀ yẹn ti fẹ̀ jù, àìsàn èrìgì wà nínú rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ padà sí ìyẹn."

Ìbéèrè gidi ni. Èjí tí mo gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ìyá mi, àìsàn ti bá mi fẹ̀ ẹ́. Mo pe màmá mi lórí fóònù, mo bi í bí èjí rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń fi ẹyọ ọwọ̀ kan wọ̀n ọ́n, láti ìdí rẹ̀ níbi tí ó ti nípọn. Ti òun ni ọwọ̀ máa ń kọjá nínú rẹ̀ láìdúró, láìsì mì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ nínú ìgbálẹ̀, mo dì í sínú bébà, mo gbé e lọ fún dókítà. Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wọlé wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú ohun ìwọ̀n rẹ̀, ó wọn ìdí ọwọ̀ náà, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì mi: mìlímítà 1.5.

Ike márùn-ún péré ni ó gbà. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, dókítà kì ọwọ̀ tí ó ti fi oògùn apakòkòrò nù bọ àárín eyín mi, ó sì kọjá, láìdúró, láìsì mì. Ó yọ àwọn kókó kúrò lára eyín mi, ó lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, ó sì fún mi ní aṣọ́yín fún ti òkè.

Aṣọ́yín ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di òní. Àwọn ènìyàn rò pé bí atoyín bá ti parí, ọ̀rọ̀ ti tán. Egungun tuntun tí eyín dúró lé kò tíì gan, àwọn fọ́nrán inú èrìgì tí ó nà nígbà tí eyín ń rìn ṣì ń fà á padà. Ó lè gbà wọ́n tó ọdún kan kí wọ́n tó gbà pé ibí yìí ni ilé. Nígbà tí wọ́n bá gbà pàápàá, eyín ènìyàn kì í yé rìn díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, tọ̀sán-tòru ni mo fi lò ó, láti ìgbà náà, alẹ́ nìkan ni. Mo gbàgbé rẹ̀ sílé nígbà kan tí mo lọ sí àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo dé, kò wọlé bọ̀rọ̀, ó fún eyín mi mọ́ra bí bàtà ọmọdé lẹ́sẹ̀ àgbà. Ó wú mi lórí pé ohun tí ó dí èjí tẹ́lẹ̀ àti ohun tí ó ń dá a sí nísinsìnyí, ike kan náà ni. Bí n kò bá gbé e sẹ́nu, èjí lè dí, ó sì lè fẹ̀ ju ti ìyá mi lọ. Omi tútù ni mo fi ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, ó ti ń sán wẹ́wẹ́ létí, mo sì ra òmíràn.

Nínú kíláàsì, s mi kò ní àbùkù mọ́, nítorí pé n kì í wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Alẹ́ ni ó ń hàn, nítorí pé ahọ́n mi tí ó ti kọ́ ọ tán nígbà kan ti tún gbàgbé. Ní agogo mẹ́sàn-án ni mo máa ń pe màmá mi ní Òṣogbo. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Bí mo bá fẹ́ tètè sùn, mo máa ń fọ ẹnu, n óò ti gbé aṣọ́yín wọlé kí n tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. A ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún, nípa àwọn ọmọ, nípa owó tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. Bí mo bá wá ní, "Ẹ sùn dáadáa o, Màámi," á dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ti gbé e sẹ́nu nìyẹn. Ó dàárọ̀."